Màmá mi ń rí àwọn ọmọ kéékèèké tí kò sẹ́lòmíì tó ń rí wọn, ṣé ojú ni àbí ọpọlọ?

Ọmọ_Àjíkẹ́

Ẹ kú ọjọ́ o gbogbo ilé. Ẹ dákun ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó ń dà mí láàmú, mo sì fẹ́ kẹ́ni tó bá mọ̀ nípa ẹ̀ gbà mí nímọ̀ràn. Kẹ́ ẹ má kàn sọ pé ká gbàdúrà o, àdúrà ò dáwọ́ dúró nílé wa.

Màmá mi ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Glaucoma, àìsàn tó máa ń pa iṣan ojú díẹ̀díẹ̀ yẹn, ti ba ojú wọn jẹ́, tọ̀tún ti lọ pátápátá, tòsì ló ṣì ń rí díẹ̀ láàárín, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ti lọ. Èmi wà ní Birmingham níbí, àbúrò mi obìnrin ló ń tọ́jú wọn ní Ìsẹ́yìn. Ó wá ṣàkíyèsí pé kí màmá tó jókòó nínú pálọ̀ wọ́n á kọ́kọ́ na ọwọ́ gbá orí fóòmù àga yẹn, wọ́n á gbá a lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á wá rọra fìdí lé e. Òun rò pé eruku ni wọ́n ń gbọ̀n. Àfi lọ́jọ́ kan tó gbọ́ tí wọ́n ní "ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ sún, ẹ sún jàre", bẹ́ẹ̀ kò sí ọmọ kankan nínú ilé.

Ìgbà tó fọgbọ́n bi wọ́n ni wọ́n tó sọ ọ́. Wọ́n láwọn ọmọ kan wà, kéékèèké báyìí, wọn ò ga ju tábìlì lọ, wọ́n dé fìlà, aṣọ ọrùn wọn ń dán, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sábà máa ń wá, wọn kì í sọ̀rọ̀, wọn kì í bá ẹnikẹ́ni jà, wọ́n á kàn jókòó ni àbí kí wọ́n tò kọjá. Ìgbà míì sì rèé ara ògiri lá kàn ṣàdédé kún fún bátànì àdìrẹ láti òkè délẹ̀. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé mo bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n ní "mo mọ̀ pé wọn ò sí níbẹ̀ o, mo ti nawọ́ sí wọn, ọwọ́ mi bọ́ sófo, ṣùgbọ́n mò ń rí wọn kedere ju bí mo ṣe ń rí àbúrò ẹ lọ".

Ibi tí wàhálà wá wà nìyí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti gbọ́, ó ti ń sọ kiri pé màmá ti ń kà, pé ẹgbẹ́ wọn ló ń wá bá wọn. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra ẹ̀ ní orí wọn ló ti ń dàrú, ó ti ń bá ilé àdúrà kan sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n wá máa gbébẹ̀. Àwọn kan ládùúgbò sì ní wọ́n ti fẹ́ máa lọ ni. Èmi ò gba ọ̀kankan nínú ẹ̀ gbọ́ àmọ́ mi ò lóhun tí mo fẹ́ fi dá wọn lóhùn. Báwo lojú tí ò ríran mọ́ ṣe wá ń rí nǹkan tó mọ́ tó báyẹn? Ṣé bí arúgbó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣarán nìyí?

Ìyá_Ìbejì_Sàgámù

Ọmọ mi, ẹ kú ìtọ́jú ìyá, Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n jẹun ọmọ pẹ́. Màmá tó bí ìyá mi náà, kí wọ́n tó lọ, wọ́n ń dárúkọ àwọn ará ilé wọn tó ti kú, wọ́n ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹ̀yin àti èmi ṣe ń sọ̀rọ̀, nítorí náà mi ò ní sọ pé kò sóhun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé. Ohun tí mo kàn fẹ́ sọ fún yín ni pé ẹ pa ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín lẹ́nu mọ́ kíákíá. Ọ̀rọ̀ "ó ń kà" yìí, ẹ má fojú kékeré wò ó. Mo mọ ìyá kan tí wọ́n tìtorí irú ẹ̀ lé kúrò nílé tó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ́. Èèyàn á máa sọ ohun tójú ẹ̀ rí láìmọ nǹkan kan, àwọn kan á sì ti gbé e ka fóònù.

Nọ́ọ̀sì_Ojú

@Ọmọ_Àjíkẹ́ ẹ fọkàn balẹ̀ díẹ̀. Mo ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ìtọ́jú ojú, kì í ṣẹ̀ẹ̀kan kì í ṣẹ̀ẹ̀mejì tí mo gbọ́ irú eléyìí, ó kàn jẹ́ pé àwọn àgbà kì í fẹ́ sọ ọ́ ni. Ẹ̀rù ohun tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín ń sọ yẹn gan-an ló ń bà wọ́n. Ẹni tó ń rí ọmọ tó dé fìlà nínú pálọ̀ tó sì mọ̀ pé òun nìkan lòun ń rí i, ta ló fẹ́ sọ fún?

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ bá mi bi àbúrò yín: ṣé màmá máa ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ náà? Ṣé wọ́n ti yí oògùn kankan padà fún wọn láìpẹ́? Ṣé ara wọn ń gbóná, ṣé ìtọ̀ ń ta wọ́n? Ṣé wọ́n ń gbàgbé orúkọ ọmọ wọn, ṣé wọ́n ń ṣìnà nínú ilé ara wọn, ṣé ọwọ́ wọn ń gbọ̀n? Ẹ má fo ọ̀kankan o.

Tó bá jẹ́ pé ojú nìkan ló ń rí, tí kò sóhùn kankan, tí àwọn fúnra wọn sì mọ̀ pé kò sí níbẹ̀, ohun tí àwọn dókítà ń pè ní Charles Bonnet syndrome ló jọ lójú tèmi. Kì í ṣe wèrè, kì í ṣe àrán. Ọ̀gbẹ́ni Bonnet yìí ará Geneva ni, lórílẹ̀-èdè Switzerland, lọ́dún 1760 ló kọ̀wé nípa bàbá àgbà ẹ̀, Charles Lullin, tó ti sún mọ́ àádọ́rùn-ún ọdún, tí cataract, ìyẹn kí dígí inú ẹyinjú di funfun, ti ba ojú ẹ̀ méjèèjì jẹ́. Bàbá yẹn á jókòó jẹ́ẹ́jẹ́, á máa rí àwọn ọkùnrin àtobìnrin tó múra dáadáa, á máa rí ẹyẹ, á máa rí kẹ̀kẹ́ tẹ́ṣin ń fà, á máa rí ilé ńláńlá, orí ẹ̀ sì pé pérépéré, ó mọ̀ pé kò sí ọ̀kan tó jẹ́ òótọ́ nínú ẹ̀. Ẹ wo iye ọdún tó ti wà nínú ìwé, síbẹ̀ à ń gbé ìyá wa lọ sílé àdúrà nítorí ẹ̀.

Ìbéèrè yín lórí bójú tí ò ríran ṣe ń ríran, ìdáhùn ẹ̀ ni pé ojú kọ́ ló ń ríran látilẹ̀wá, ọpọlọ ni. Iṣẹ́ ojú ni kó gba ìmọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ẹyinjú lọ́hùn-ún awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní rẹ́tínà, ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lára ẹ̀ lé ní ọgọ́fà mílíọ̀nù nínú ojú kan ṣoṣo, àmọ́ okùn iṣan tó ń gbé ọ̀rọ̀ yẹn lọ sínú ọpọlọ kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù kan lọ. Ẹ ti rí i pé wọ́n ti gé nǹkan kúrò kó tó délé. Inú agbárí sì ṣókùnkùn biribiri, ìmọ́lẹ̀ ò débẹ̀ rí, iná ẹlẹ́ńtíríkì tín-ń-tín ló ń débẹ̀, ó ń ta pàrà pàrà. Ọpọlọ lá wá jókòó ti ìyẹn, á fi ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ kún un, á ní "ilẹ̀kùn nìyí, ọmọ mi nìyí, ìkòkò nìyí".

Ohun tó tún máa yà yín lẹ́nu, ibùdó kan wà láàárín ọpọlọ tí ọ̀rọ̀ tó bá tojú wá máa ń kọ́kọ́ yà sí. Àwọn tó kà á rí i pé nínú mẹ́wàá tó ń wọbẹ̀, bóyá la fi rí ọ̀kan tó tojú wá, ìyókù inú ọpọlọ ló ti ń wá. Ọpọlọ ti ń sọ ohun tó ń retí kójú tó sọ ohun tó rí.

Nígbà tí glaucoma bá wá pa okùn iṣan yẹn, ibi tó ń ríran nínú ọpọlọ ò kú o. Ara ẹ̀ ṣì yá gágá, kò sẹ́ni tó ń gbéṣẹ́ fún un mọ́, ó wá di òṣìṣẹ́ tí ò lè jókòó lásán, tó ń kó ẹrù àná jáde láti fi pàtẹ. Ohun tó sì ń pàtẹ kì í wù ú bẹ́ẹ̀ lásán. Lọ́dún 1998, Dominic ffytche àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní London gbé àwọn tó ní nǹkan yìí sínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ, wọ́n ní kí wọ́n máa sọ tí ìran bá dé. Ẹni tó ń rí àwọ̀, ibi tó ń ṣiṣẹ́ àwọ̀ nínú ọpọlọ ẹ̀ ló tanná. Ẹni tó ń rí ojú èèyàn, ibi tá a fi ń dá ojú èèyàn mọ̀ ló tanná. Ìdí nìyẹn tí màmá fi ní àwọn ń rí wọn kedere. Ibi kan náà tí wọ́n fi ń rí àbúrò yín ni, ó kàn jẹ́ pé ojú ò sí láàárín láti bà á jẹ́.

Bátànì àdìrẹ yẹn náà, ó wọ́pọ̀ gan-an, àwọn kan á ní búlọ́ọ̀kù ni, àwọn kan á ní nẹ́ẹ̀tì ni. Èèyàn kéékèèké tó dé fìlà náà wọ́pọ̀. Ẹ sọ fún wọn bẹ́ẹ̀.

Akin_Ò_Gbà

Nọ́ọ̀sì ẹ kú iṣẹ́ ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ò yé mi. Ṣé ẹ ń sọ pé gbogbo ohun tí mò ń rí báyìí ọpọlọ mi ló ń hùmọ̀ ẹ̀? Fóònù tí mo mú dání ńkọ́? Tí ọkọ̀ bá ń bọ̀ lójú títì tí mo sì sá fún un, ṣé ìròrí mi ni mo sá fún? Èmi gbà pé ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó lè yàtọ̀ àmọ́ èmi tójú mi pé, ohun tó wà níbẹ̀ ni mò ń rí, ẹ má fi gírámà dà mí lójú rú.

Tísà_Fisiksi

@Akin_Ò_Gbà ọ̀rẹ́, kò sẹ́ni tó ní ọkọ̀ ò sí. Ọkọ̀ wà, ó sì máa gbá yín tẹ́ ẹ bá dúró. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àwòrán ọkọ̀ tẹ́ ẹ rí yẹn, inú orí yín la ti yà á. Ẹ mú bébà kan tó nílà, kẹ́ ẹ fi bírò sàmì àgbélébùú sí apá òsì, kẹ́ ẹ wọn nǹkan bí fífẹ̀ ìka mẹ́rin lọ sápá ọ̀tún lórí ìlà kan náà, kẹ́ ẹ fi àmì róbótó dúdú síbẹ̀. Ẹ di ojú òsì yín, ẹ fi ojú ọ̀tún tẹjú mọ́ àgbélébùú yẹn, ẹ má wo róbótó o, kẹ́ ẹ wá máa rọra gbé bébà náà sún mọ́ ojú láti ibi tọ́wọ́ yín gùn dé. Tó bá ku nǹkan bí ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà, róbótó yẹn á wábi gbà. Kò ní fi ihò sílẹ̀ o. Ìlà bébà lẹ máa rí níbẹ̀, ó gùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ibi tí okùn iṣan ojú ti ń jáde lẹ́yìn rẹ́tínà nìyẹn, kò sóhun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀ rárá. Ará Faransé kan, Mariotte, ti rí i láti nǹkan bí ọdún 1660. Látìgbà tí wọ́n ti bí yín lẹ ti ń gbé ihò kan kiri lójú kọ̀ọ̀kan tẹ́ ò mọ̀. Ta ló wá ya ìlà sí i? Kò sẹ́ni tó ya ìlà sí bébà níbi tójú yín ò rí.

Òmíì tún rèé. Ẹ lọ síwájú dígí, ẹ wo ojú òsì yín, kẹ́ ẹ wá wo ọ̀tún, kẹ́ ẹ tún wo òsì. Ẹ ò ní rí i kí ẹyinjú yín rìn láéláé. Ẹni tó bá dúró tì yín á rí i. Ẹ tan kámẹ́rà fóònù síra yín ẹ̀yin náà á rí i, torí fóònù máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé àwòrán jáde. Bí ẹmẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan lojú wa ń fò báyìí látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ọpọlọ á sì paná ìran fún ìwọ̀nba àkókò tó fi ń fò, á wá lẹ̀ ẹ́ pọ̀ kó má ṣe wá bíi fídíò tó ń já. Ibi tójú sì ti ń ríran tó mú ṣáṣá kò ju fífẹ̀ àtàǹpàkò yín lọ tẹ́ ẹ bá na ọwọ́ síwájú. Ìyókù pálọ̀ tẹ́ ẹ rò pé ẹ ń rí kedere, ẹ ti wò ó tẹ́lẹ̀ ni, ọpọlọ ń rántí ẹ̀ fún yín.

Kì í sì í ṣọ̀rọ̀ tuntun. Ibn al-Haytham, tó kọ ìwé ńlá nípa ìríran ní Cairo ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ti sọ pé ọ̀pọ̀ ohun tá a pè ní rírí, ìdájọ́ ni, a kàn ń yára dá a débi tá ò fi mọ̀ pé a dá ẹjọ́ kankan. Helmholtz ará Jámánì tún sọ irú ẹ̀ láàárín ọdún 1860 sí 1870.

Àbí ẹ ti gbàgbé aṣọ ọdún 2015 yẹn? Fótò kan ṣoṣo, lórí fóònù kan náà, tọkọ taya ń jà lé e lórí, ọkọ ní búlúù àti dúdú ni, ìyàwó ní funfun àti góòlù ni. Aṣọ gan-an búlúù àti dúdú ni. Ọpọlọ ẹlòmíì ló rò pé abẹ́ òjìji ni wọ́n ti ya fótò yẹn, ó wá yọ àwọ̀ búlúù kúrò nínú ẹ̀, tẹlòmíì rò pé iná góòlù ló tàn sí i. Kò sẹ́ni tó jókòó ro ìkankan nínú ẹ̀.

Àyàn_Tòótọ́

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i torí kì í ṣojú nìkan. Ìdílé onílù ni mo ti wá, dùndún ni mò ń lù. Ẹ mọ̀ pé ìlù ò lẹ́nu. Ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín, òun náà ló ní, kò ní "b" kò ní "k" kò ní "ẹ". Gbólóhùn tó lè wọ ohùn kan náà pọ̀ lọ rẹpẹtẹ. Tí mo bá wá lu oríkì ìdílé ẹnì kan lóde àríyá, ẹ máa rí i tára ẹ̀ á bù máṣọ, á ti dìde, á máa na owó, á láwọn gbọ́ gbogbo ohun tí mo wí. Ọmọ tó jókòó tì í, tí wọ́n bí sí Ibàdàn tí ò mọ oríkì ara ẹ̀, gbìn gbìn nìkan ló gbọ́. Ìlù kan náà, etí kan náà. Ẹni tó ti mọ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀ lọ̀rọ̀ ń jáde sí. Mo ti dán an wò rí fún ọ̀rẹ́ mi kan, mo lù ú fún un kò gbọ́ nǹkan kan, mo fẹnu sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo tún lù ú, ó ní "háà, ó sọ ọ́ o!" Látìgbà náà kò lè gbọ́ ọ bíi gbìn gbìn mọ́, ó fẹ́ gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé ṣe.

Èyí tí wọ́n ṣe nílé ìwé nìyí: lọ́dún 1970 Richard Warren ní Amẹ́ríkà gba ohùn ẹni tó ń ka gbólóhùn kan sílẹ̀, ó gé ìró kan kúrò nínú ọ̀rọ̀, ó fi ikọ́ rọ́pò ẹ̀. Àwọn tó gbọ́ ọ, wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà pé pérépéré, wọ́n gbọ́ ikọ́ náà, àmọ́ wọn ò lè sọ ibi tí ikọ́ yẹn bọ́ sí gan-an. Lọ́dún 1976 McGurk àti MacDonald tún ṣe tiwọn: ẹnu tó wà nínú fídíò ń sọ "ga", ohùn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ń sọ "ba", àwọn tó ń wò ó ní "da" làwọn gbọ́. Tí wọ́n bá dijú wọ́n á gbọ́ "ba". Wọ́n lajú, ó tún di "da". Ó wà lórí YouTube, mo ti wò ó tì, mo mọ̀ pé "ba" ni wọ́n ń sọ síbẹ̀ etí mi ò gbà.

Akin_Ò_Gbà

Mo ti ṣe ti bébà yẹn. Ó lọ lóòótọ́. Kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn ṣá, tó bá jẹ́ pé ọpọlọ gbogbo wa ló ń ya nǹkan, kí ló dé tí èmi àti ìyàwó mi fi jọ ń rí tábìlì kan náà? Kí ló dé tí màmá wọn nìkan ṣe ń rí ọmọ?

Nọ́ọ̀sì_Ojú

@Akin_Ò_Gbà ìbéèrè tó dáa nìyẹn. Torí ojú ẹ̀yin méjèèjì ṣì ń bá ọpọlọ yín wí ni. Ọpọlọ á méfò, ojú á ní "rárá o, ó fi díẹ̀ sápá òsì", ọpọlọ á tún un ṣe, gbogbo ẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Tábìlì kan náà ló ń bá ẹ̀yin méjèèjì wí, ẹ ò lè fi bẹ́ẹ̀ yapa. Ti màmá, ẹni tó ń báni wí ló ti lọ. Ẹ tún rántí àwọn tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, tí ẹsẹ̀ tí ò sí mọ́ ṣì ń yún wọn, ó ń dùn wọ́n, ó ń rìn wọ́n. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Weir Mitchell, tó tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí wọ́n gé lápá gé lẹ́sẹ̀ nígbà ogun abẹ́lé wọn, òun ló fún un lórúkọ tí wọ́n ń pè é dòní. Ẹni tẹ́sẹ̀ ẹ̀ ti lọ tó ní ẹsẹ̀ ń yún òun, kò sẹ́ni tó ń pè é lájẹ̀ẹ́.

Ọmọ_Àjíkẹ́

Ẹ ṣé gan-an ni gbogbo yín, Ọlọ́run ò ní gbàgbé yín. Mo ti bi àbúrò mi gbogbo ìbéèrè yẹn. Kò sóhùn kankan, màmá ní "wọn kì í tilẹ̀ wúkọ́". Ara wọn ò gbóná. Wọ́n rántí ọjọ́ ìbí gbogbo ọmọ-ọmọ wọn, wọ́n tún bi mí lówó tí mo jẹ wọ́n láti ìgbà Kérésì. Oògùn kan wà ṣá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wọn torí oorun, mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn náà kàn án. Wọ́n láwọn ọmọ yẹn kì í wá tí iná bá tàn gìrìgìrì, ìgbà tí NEPA bá múná lọ tó jẹ́ làǹtánì nìkan ló wà nílẹ̀ ni wọ́n ń pọ̀.

Mo ka ọ̀rọ̀ bàbá ará Geneva yẹn fún wọn lórí fóònù. Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n ní "ọdún wo lo ní?" Mo ní 1760. Wọ́n ní ó dáa, níwọ̀n ìgbà tí wọn ò bá ti ní kóun bọ́ wọn, kí wọ́n máa jókòó. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí.

Ẹ̀gbọ́n mi ló kù. Ó ní òyìnbó ló ń fi orúkọ ńlá bo nǹkan.

Ìyá_Ìbejì_Sàgámù

Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé kó ṣe ti bébà yẹn. Èmi náà ti ṣe é, mo pe àwọn ìbejì mi wọ́n ti ṣe é, gbogbo ilé ti dijú òsì látàárọ̀.

Nọ́ọ̀sì_Ojú

Ohun tẹ́ ẹ sọ nípa iná yẹn bá a mu gẹ́lẹ́, àárín òkùnkùn àti ìgbà téèyàn bá jókòó láìṣe nǹkan ló máa ń dé jù. Tí wọ́n bá ti rí wọn, kí wọ́n tanná sí i, tàbí kí wọ́n dìde kúrò níbẹ̀, tàbí kí wọ́n yí ẹyinjú sọ́tùn-ún sósì láìmi orí, kí wọ́n ṣe é bí ìgbà mélòó kan, ó máa ń lé e lọ fáwọn kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbọ́ rédíò, ẹ jẹ́ kéèyàn máa bá wọn tàkúrọ̀sọ ní ìrọ̀lẹ́. Fún ẹlòmíì ó máa ń dín kù bí ọdún ṣe ń lọ, fún ẹlòmíì ó máa ń pẹ́.

Àmọ́ èmi ò rí wọn o, ohun tí mo kà níbí ni mo ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Kí àbúrò yín gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, kó sì kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò dání, ti oorun yẹn pàápàá, torí oògùn wà tó ń mú àgbàlagbà rí nǹkan. Kí wọ́n yẹ ìtọ̀ wọn wò. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn, tàbí tí wọ́n bá gbà pé òótọ́ làwọn ọmọ yẹn, tí ẹ̀rù wá ń bà wọ́n, tàbí tọ́wọ́ wọn ń gbọ̀n tí wọ́n ń rìn gẹ̀rẹ̀ gẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn, àwọn àìsàn ọpọlọ kan wà tó ń bẹ̀rẹ̀ báyẹn. Kí wọ́n má dá ẹ̀kán ojú tí wọ́n ń kán dúró o, díẹ̀ tó kù lójú òsì yẹn ló ń tọ́jú. Kí wọ́n sì bi dókítà bóyá cataract wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú, torí èyí tí glaucoma bá mú lọ kì í padà àmọ́ ti cataract ṣeé yọ, tójú bá sì ń ríran sí i àwọn ọmọ yẹn lè lọ fúnra wọn. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú àwọn afọ́jú tó ti pé ogójì ọdún sókè, bíi 43 nínú 100 ló jẹ́ cataract ló fà á, bíi 17 ló sì jẹ́ glaucoma. Àwọn 43 yẹn ló ń dùn mí.

@Ọmọ_Àjíkẹ́ ó wá ku ẹ̀yin fúnra yín, ẹ ò sì béèrè. Glaucoma máa ń rìn nínú ìdílé, ó sì pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ọpọlọ á sì máa kun ibi tó ti lọ bó ṣe kun ibi róbótó Tísà, èèyàn á máa wakọ̀, á máa kàwé, á láwọn ríran dáadáa, ìgbà tó bá máa fura á ti jìnnà. Tẹ́ ẹ bá ti pé ogójì ọdún, ọ̀fẹ́ ni NHS, ètò ìlera ìjọba, máa ń yẹ ojú wò ní England fún ẹni tí òbí ẹ̀ ní glaucoma, ẹ kàn wọ ṣọ́ọ̀bù oníjígí tó bá wà ládùúgbò yín, kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé màmá yín ní in, kí wọ́n wọn ìfúnpá ojú yín, kí wọ́n wo ẹ̀yìn ojú, kí wọ́n sì ṣe èyí tí wọ́n á ní kẹ́ ẹ máa tẹ bọ́tìnnì nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá rí iná kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kíka lẹ́tà ara ògiri nìkan ò tó. Kí ẹ̀gbọ́n yín àti àbúrò yín náà lọ ṣe tiwọn ní Nàìjíríà.